Ilé Tó Kún, Aró Tí Kò Mú: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Láti Ilé Kan ní Abẹ́òkúta

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni òun, ọkọ rẹ̀, ọmọ wọn mẹ́ta àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé. Kì í ṣe àdìrẹ tà. Ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni. Ó ń di oníko, ìyẹn àdìrẹ tí a fi ìko so, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹlẹ́kọ, ìyẹn èyí tí a fi ẹ̀kọ ya kí aró má bàa wọ ojú àwòrán rẹ̀, ó sì ń rán aṣọ tó bá jáde sí ìrọ̀rí, àpò àti aṣọ tábìlì. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé aró tí òun ń rà lọ́jà kò mú mọ́. Aṣọ mẹ́ta tẹ̀léra ló jáde ní àwọ̀ eérú dípò búlúù, èyí tó kẹ́yìn sì tún ní àbàwọ́n káàkiri. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta aró fún un tẹ́lẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nǹkan kò yàtọ̀. Ó ti gbà pé ayédèrú ló kún ọjà.

Irú ẹjọ́ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe àdìrẹ nílé. A kó ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ jọ sínú ilé kan ṣoṣo yìí, kí ó lè hàn gbangba bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì. Nígbà tí a tú u wò dé ìdí, aró kò ní ẹ̀bi kankan. Ẹrù tó kún ilé ló ń ba aṣọ jẹ́.

Bí ilé náà ṣe rí

Tábìlì ìjẹun kan ló wà ní pálọ̀, kò sì sí ibòmíràn tí aṣọ lè tẹ́ sí. Ìwé àwọn ọmọ, áyọ́ọ̀nù, oògùn ìyá ọkọ rẹ̀ àti ṣájà fóònù mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní igun, aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn kò tíì ká sì bò ó mọ́lẹ̀. Ghana-must-go mẹ́ta wà lẹ́yìn àga, ègé aṣọ ẹbí ọlọ́dọọdún ló wà nínú wọn. Ike, abọ́ àti agbọ̀n tí wọ́n pín níbi ìnáwó, tí orúkọ olóògbé tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó wà lára wọn, kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mama, ìyá ọkọ rẹ̀, dé ẹsẹ̀ ògiri. Ohun èlò aró wà ní balùwẹ̀, lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì omi, nítorí ibẹ̀ nìkan ló kù.

Kí obìnrin yìí tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ẹrù orí tábìlì sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí àwọn ọmọ tó sùn, ó gbọ́dọ̀ tún un kó padà. Kíkó lọ kíkó bọ̀ yìí ń gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò lè ṣe iṣẹ́ kankan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ku Sátidé, Sátidé tí kò sí ìnáwó sì ṣọ̀wọ́n. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú: wọ́n ní àwọn kò ráàyè, tàbí pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́kàn àwọn. Ìfẹ́ náà kò lọ síbì kankan. Iṣẹ́ kíkó ẹrù ló ti gba ipò iṣẹ́ ọwọ́.

Àdìrẹ kì í ṣe iṣẹ́ inú pálọ̀ látilẹ̀. Àgbàlá agbo ilé ni ìkòkò aró ń jókòó sí, eérú àti ewé ẹ̀lú tí a fi ń ṣe aró ní ẹ̀gbẹ́ kan, okùn ìsáṣọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, obìnrin púpọ̀ sì ń lo ibẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ tó nílò àgbàlá wọ inú yàrá méjì gbọ́dọ̀ wá àyè fún un pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ohun tó ń pa aró

Aró òyìnbó tí a ń lò lóde òní kì í wọ inú òwú nígbà tí a bá kàn dà á sínú omi. Kọ́sítíìkì sódà, tí a ó máa pè ní sódà níhìn-ín, àti hydrosulphite, èyí tí àwọn aláàdìrẹ ń pè ní háídírò, ló ń sọ ọ́ di ohun tí òwú lè mu. Nígbà tí a bá yọ aṣọ jáde, afẹ́fẹ́ yóò dá aró náà padà sí àwọ̀ rẹ̀ nínú òwú níbẹ̀, kò sì ní lè jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí aṣọ búlúù fi máa ń jáde bí ewé tútù kó tó yí padà lójú ẹni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí omi aró inú báàfù. Bí omi náà bá ti dúró gbọọrọ, háídírò inú rẹ̀ yóò tán, aró yóò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí aṣọ tó dé ibẹ̀. Omi aró tí a ti pò kì í dúró de ẹni tó ń wá ìbọ̀wọ́.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ aláàdìrẹ ń lò fún aṣọ yáàdì 5 ni ṣíbí ìjẹun 2 aró, ṣíbí 2 sódà, ṣíbí 4 háídírò. A ó fi nǹkan bíi lítà 1 omi gbígbóná yọ́ aró, a ó da sódà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà háídírò, a ó sì jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Nígbà náà la ó fi omi kún un títí yóò fi bo aṣọ. Aṣọ gbọ́dọ̀ ti rẹ sínú omi lásán ṣáájú, kí aró lè wọ̀ ọ́ dọ́gba. Kò gbọdọ̀ yọrí sókè omi títí ìṣẹ́jú 15 yóò fi pé.

A ní kí obìnrin yìí ṣe é lójú wa bó ṣe máa ń ṣe é. Ó pò ó dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ló rántí ìbọ̀wọ́. Wọ́n rí ọ̀kan lábẹ́ síńkì, èkejì wà nínú agbọ̀n ìfọṣọ. Báàfù tó yẹ kó fi rẹ aṣọ ní ẹ̀wà nínú. Nígbà tí aṣọ fi dé inú aró, ìfófòó búlúù tó nípọn ti bo ojú omi, abẹ́ rẹ̀ náà sì ti dúdú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò ti mọ̀ pé omi náà ti kú. Ó rì aṣọ sínú rẹ̀, aṣọ sì jáde ní àwọ̀ eérú.

Ìdí kejì wà nínú ọ̀rá. Háídírò tó wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì kò ní ìdérí. Wọ́n kàn lọ́ ẹnu ọ̀rá rẹ̀ ni. Háídírò tó dára máa ń funfun, ó sì máa ń ṣàn bí iyọ̀ gbígbẹ. Èyí ti di kókó, òórùn rẹ̀ sì ń ta nímú. Ìrì àti ooru balùwẹ̀ ti pa á. Láti fi dáni lójú, a mú ìgò aláwọ̀ mímọ́ méjì, a fi ìwọ̀n kan náà ti aró, sódà àti omi gbígbóná sínú méjèèjì, a fi háídírò àtijọ́ sí ọ̀kan, tuntun sí èkejì. Kò pẹ́ tí ti èkejì fi yí padà kúrò ní búlúù. Ti àkọ́kọ́ kò mira. Ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó bá oníṣòwò jà.

Nígbà tí wọ́n kó ẹrù balùwẹ̀ jáde tán, ọ̀rá háídírò mẹ́rin ni wọ́n bá, gbogbo wọn ti ṣí, gbogbo wọn ti bàjẹ́. Nítorí pé kò rí ti tẹ́lẹ̀ ló ṣe ń ra òmíràn. Bí ẹrù ṣe ń jẹ owó nìyẹn.

Àwọn àbàwọ́n náà ní orísun tiwọn. Ẹ̀kọ tí a fi láfún àti álọ́mù sè gbọ́dọ̀ gbẹ lórí aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí pé tábìlì kò ṣófo, ó ká aṣọ náà sórí apá àga. Ẹ̀kọ gbígbẹ tí a bá ká yóò la, aró yóò sì gba ojú ibi tó la wọlé sí ibi tó yẹ kó funfun. Eku tún ti jẹ ìgbátí aṣọ náà, nítorí láfún ni oúnjẹ wọn, ẹ̀yìn Ghana-must-go sì ni ilé wọn. Ní ti ibi tó funfun níbi tó yẹ kó ti mu aró, ègé tó lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe òwú. Ègé aṣọ ẹbí ló mú láìwò ó dáadáa, pọliẹ́sítà ló wà nínú rẹ̀, aró yìí kì í sì mú pọliẹ́sítà.

Ìgò ohun mímu

Ohun tó kó jìnnìjìnnì bá wa jù lọ nínú ilé yìí nìyí. Sódà tó kù láti ìgbà kan wà nínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ti fi omi yọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi àti ìgò ọṣẹ olómi. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ọmọ tó kéré jù nínú ilé ọdún mẹ́ta ni.

Sódà olómi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ọmọ tó bá gbé e mì yóò jóná láti ẹnu títí dé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà náà sì lè lẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá ń san, débi pé omi lásán kò ní lè kọjá. Àwọn oníṣègùn ọmọdé mọ ìjàǹbá yìí dáadáa ní ilẹ̀ wa, ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ tàbí àdìrẹ ló sì ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe mú ọmọ bì, nítorí sódà yóò tún jó ọ̀nà ọ̀fun bó ṣe ń padà bọ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́ kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́.

Nínú ilé tí gbogbo nǹkan ní àyè rẹ̀, irú ìgò bẹ́ẹ̀ yóò yọ sójú. Nínú ilé tó kún, ìgò kan láàárín ogún ni. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ìtúnṣe ilé bẹ́ẹ̀ láti pálọ̀, bó ti wù kí pálọ̀ máa múni lójú tó.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe

Balùwẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Sódà inú ìgò lọ lọ́jọ́ náà: wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n rọra dà á sínú báàfù omi púpọ̀ níta, wọ́n sì gbé e lọ dà sí gọ́tà tó jìnnà sí kànga. Háídírò tó bàjẹ́ kò gbọdọ̀ wọ àpò ìdọ̀tí pẹ̀lú bébà, nítorí èyí tí omi díẹ̀ bá kàn lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń dà sínú omi tó pọ̀, afẹ́fẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Omi ni a kì í dà lé háídírò tàbí sódà lórí. Àwọn ni a ń dà sínú omi.

Láti ìgbà náà, ìdajì kílò háídírò ló ń rà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rá méjì ló fi ń dì í, a ó fún afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀, a ó fi rọ́bà dè é, a ó sì gbé e sínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́ pa. Sódà wà nínú ike tirẹ̀. Wọ́n fi máákà kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, wọ́n ya eegun orí sí ti sódà fún ẹni tí kò lè kàwé. Ike méjèèjì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè ní yàrá, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ìyá àwọn ọmọ.

Ègé aṣọ gba àkókò jù, ó sì yẹ kó gbà á. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ òwú yàtọ̀ sí pọliẹ́sítà, pàápàá nínú ègé kékeré, nítorí náà iná ni wọ́n fi dán an wò. A ó fa fọ́nrán kan yọ, a ó fi ìfáǹkan mú un sókè abọ́ omi, a ó sì fi iná àbẹ́là kàn án. Òwú máa ń jó bíi bébà, òórùn bébà ló ń rùn, eérú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ mọ́ ìka. Pọliẹ́sítà máa ń sún kì, ó ń yọ́, ó ń yọ èéfín dúdú, ohun tó kù nínú rẹ̀ yóò le bí ìlẹ̀kẹ̀. Òwú funfun àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ló kù sílé, wọn kò kún ju Ghana-must-go kan lọ. Léèsì àti àwọn tó kù lọ sọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò tó ń fi wọ́n ṣe aṣọ ọmọdé.

Wàhálà gidi ni ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ìyàwó ilé tó ní làákàyè tó máa kó ẹrù ìyá ọkọ rẹ̀ dànù, a kò sì gbà á níyànjú bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì í lórí ẹní ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń fa abọ́ jáde ní méjì-méjì. “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá mi yan àwọn tí ẹ fẹ́ kí ó wà lójú yín.” Mama ń yí wọn padà, ó ń ka orúkọ tó wà lára wọn. “Ti Ìyá Ìbejì nìyí, ìyàwó mi, n ò lè jẹ́ kí ó lọ. Èyí ńkọ́? Ta ló tilẹ̀ ṣe òkú yìí?” Àwọn tí Mama kò mọ olówó wọn mọ́ ló jáde. Mẹ́fà nínú wọn, ike tó jìn, ni ó bẹ Mama pé kí ó fi ta òun lọ́rẹ fún aró. Wọ́n yẹ fún un gan-an, torí sódà kì í ba ike jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ìkòkò àlúmíníọ́mù, ó sì ń yọ gáàsì tó lè gbiná nígbà tó bá ń jẹ ẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun etí abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Abọ́ elétí pupa kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́ láéláé, ì báà mọ́ bíi dígí.

Tábìlì ìjẹun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìdí ni pé ohunkóhun tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ nínú ilé tí èèyàn mẹ́fà ń gbé yóò gba ẹrù kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí òfin tó lè dá a dúró. Káfíńtà gé pákó pláíwúùdù kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2. Wọ́n mú méjì, káfíńtà sì ṣe ẹsẹ̀ tó ń ká sábẹ́ fún wọn. Bí iṣẹ́ bá tán, pákó méjèèjì á dúró lóòró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó lè gbé ìwé lé ohun tó dúró lóòró. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní gígùn, wọ́n gba ìdajì ìró ẹlẹ́kọ tó jẹ́ yáàdì 2 àbọ̀ láìká a, àfi ìgbátí díẹ̀ tó máa kọ́ sísàlẹ̀.

Ohun tó yí ọwọ́ rẹ̀ padà jù ni agbọ̀n iṣẹ́. Iṣẹ́ kan, agbọ̀n kan. Aṣọ tí wọ́n ti fọ sítáàṣì ilé-iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, ìko, abẹ́rẹ́, òwú, àlùmọ́gàjí kékeré, àti bébà tí wọ́n kọ ohun tó kàn sí: “ìlà kẹta, di láti ọ̀tún.” Dídì àti rírán kò nílò tábìlì rárá. Orí itan ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì sí ohun tó ní kí ó má ṣe ogún ìṣẹ́jú nígbà tí Mama bá ń gbọ́ ìròyìn. Bó bá tún mú agbọ̀n náà lọ́jọ́ kejì, bébà yóò sọ ibi tó dúró sí, kò ní máa ronú. Rírẹ nìkan ló ku fún Sátidé, kò sì ní í pò aró àfi tí agbọ̀n kejì bá ti pé: ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, ìbòmú, awò ojú, ṣíbí ìwọ̀n, ọ̀pá igi, abọ́ elétí pupa. Aṣọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú omi kí ọwọ́ tó kan ike háídírò.

Àpótí ike aláwọ̀ mímọ́ márùn-ún tó ti rà kí ọ̀rọ̀ tó dé ibí kò ràn án lọ́wọ́. Ó tò wọ́n léra, ó kó gbogbo nǹkan sínú wọn láìyan ohunkóhun, ohun tó bá sì ń wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà. Kí èèyàn tó ra àpótí, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tó máa kù. Méjì nínú wọn ló ń lò báyìí, fún aṣọ tó ti parí, nítorí eku.

Ohun tí kò tíì yanjú

Aṣọ tó kàn rẹ lẹ́yìn èyí mú aró dáadáa, láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta aró fún un ní àkọ́kọ́. Ó ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Okùn ìsáṣọ ṣì jẹ́ ìṣòro. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níta, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ló sì ni ín ní Sátidé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sá yunifọ́ọ̀mù ní òwúrọ̀, aṣọ aró sì ń gba okùn lẹ́yìn aago 1. Nígbà òjò, èyí kì í ṣeé ṣe. Aṣọ tó bá yọ nínú aró gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kàn án níbi gbogbo lẹ́sẹ̀kan náà, bí wọ́n bá sì kó o jọ sínú báàfù de oòrùn, yóò ní ìlà. Wọ́n ti gbìyànjú okùn nínú ọ̀nà àárín yàrá, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n tó ti kú tí baálé ilé ní òun yóò tún ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n náà. Ní báyìí, dídì àti rírán nìkan ló ń ṣe láti Òkúdù dé Ọ̀wẹ́wẹ̀, agbọ̀n mẹ́ta sì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn.